Láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ìdáhùn sí nọ́ọ̀sì kan ní Ìkòròdú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Mátíróònù. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú níbí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mo sì fẹ́ gba láísẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ́jẹ́ǹtì kan ní Sábó ní kí n mú mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ náírà wá, pé òun á bá mi gba láísẹ́ǹsì náà láìsí wàhálà, bí ó bá sì pẹ́, òun á kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó mú mi lọ. Orúkọ bàbá mi ló wà lórí sátífíkéètì mi, orúkọ ọkọ mi ló wà lórí pásípọ́ọ̀tù. Ṣé kí n fún un lówó náà? Àbí Amẹ́ríkà ló máa yá jù?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má ṣe fún un ní kọ́bọ̀. N kò sọ pé gbogbo ẹ́jẹ́ǹtì ló ń lu jìbìtì, ṣùgbọ́n ohun tí ó ní òun fẹ́ tà fún ọ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti tà. Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì wà láàárín ìwọ àti ìgbìmọ̀ méjì: NMCN, tí ó forúkọ rẹ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àti NMC, tí ó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. NMCN ni yóò fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí NMC ní tààràtà pé lóòótọ́ ni o kọ́ṣẹ́, pé orúkọ rẹ wà nínú ìwé wọn, àti pé o kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn. Ẹ̀rí yìí kì í gba ọwọ́ rẹ kọjá, áńbọ̀sì ọwọ́ ẹlòmíràn. Ìdánwò tí ó kù lẹ́yìn èyí, ìwọ fúnra rẹ ni yóò jókòó ṣe é.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2023, nígbà tí NMC kéde pé èsì ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí ó ti ilé ìdánwò kan ní Ìbàdàn wá kò mọ́ àwọn lójú. Àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti dé ọ̀hún, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n ní kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe, a sì rí nínú wọn tí wọ́n pè síwájú ìgbìmọ̀ kí wọ́n wá ṣàlàyé ara wọn. Ó dùn mí púpọ̀. Ẹni tí ó bá ní kí o má ṣe wàhálà kankan ń pè ọ́ sínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ọ̀dọ̀ NMCN ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2024, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún náà, sọ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ó kéré tán láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún un ní láísẹ́ǹsì gidi, èyí tí kì í ṣe ti ìgbà díẹ̀, kí ó tó lè béèrè pé kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé òun fún ìgbìmọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ọdún mẹ́ta tí o kà láti ìgbà tí o ti jáde kò tíì dáhùn ìbéèrè yẹn. Mú láísẹ́ǹsì rẹ jáde, kí o wo ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀ gan-an, torí pé àkókò díẹ̀ máa ń wà láàárín ìgbà tí èèyàn yege àti ìgbà tí láísẹ́ǹsì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìlànà kan náà sọ pé iṣẹ́ ìjẹ́rìísí ọ̀hún yóò gbà tó oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ó sì béèrè lẹ́tà ìwà rere láti ọ̀dọ̀ olórí ibi iṣẹ́ rẹ àti láti ilé ẹ̀kọ́ tí o lọ kẹ́yìn. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn nípa rẹ̀ ní Èkó àti ní Àbújá. Ní tèmi, ọdún méjì lórí wọ́ọ̀dù kò ṣòfò. Oṣù mẹ́fà nítorí ìwé nìkan ni ó wúwo lójú mi. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ sanwó, kọ́kọ́ ka ìlànà tí ó wà lójú òpó wọn lọ́jọ́ náà.

Lẹ́tà ibi iṣẹ́ yìí ni ó máa ń há nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn aládàáni lọ́rùn, nítorí ọ̀gá tí kò fẹ́ kí o lọ ni o fẹ́ gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀. Má ṣe kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí lẹ́tà náà tó wà lọ́wọ́ rẹ. Kọ ọ́ sínú ìwé pé o ń béèrè rẹ̀, kí wọ́n bu ọwọ́ lu ẹ̀dà kan fún ọ, kí o sì bá dókítà tí ó ni ilé ìwòsàn náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó mọ ìgbà tí o fẹ́ lọ, kí ó lè wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù lọ. Tẹ́ gbogbo ìwé rẹ sórí tábìlì: ìwé ìbí, èsì WAEC, sátífíkéètì nọ́ọ̀sì, láísẹ́ǹsì, NIN, pásípọ́ọ̀tù. Fi ìka tọ orúkọ orí wọn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Wàá rí i pé Olúwaṣeun ni ọ̀kan pè ọ́, Ṣeun ni èkejì kọ, oríkì tí ìyá àgbà fún ọ sì wà lórí ìwé ìbí nìkan. Lójú wa, ẹnì kan náà ni gbogbo wọn. Lójú òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́ Yorùbá rí, èèyàn mẹ́ta ni. Bí ẹ bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yín yóò so orúkọ bàbá rẹ pọ̀ mọ́ ti ọkọ rẹ. Bí ó bá jẹ́ ti ìdílé nìkan ni ẹ ṣe, lọ búra ní kóòtù nípa àyípadà orúkọ náà, kí o kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí o sì pa ojú ìwé ìròyìn náà mọ́ lódindi. Lẹ́yìn náà, ní kí NMCN ṣàtúnṣe orúkọ rẹ kí o tó béèrè ìjẹ́rìísí, kí ohun tí wọn yóò fi ránṣẹ́ bá pásípọ́ọ̀tù rẹ mu, torí pé orúkọ orí pásípọ́ọ̀tù ni wọn yóò fi mọ̀ ọ́ ní gbọ̀ngàn ìdánwò pẹ̀lú.

Bí a ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wa níṣẹ́ tó, NMC ṣì ń béèrè ìdánwò èdè lọ́wọ́ wa. Ìdánwò méjì ni wọ́n gbà, IELTS àti OET, ọ̀kan nínú wọn ni wàá ṣe. Nínú IELTS ti Academic, 7 ni wọ́n fẹ́ nínú ìwé kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, 6.5 nínú ìwé kíkọ. Nínú OET, tí ó dá lórí iṣẹ́ ìlera, B ni nínú mẹ́ta yẹn, C+ nínú ìwé kíkọ. Bí èsì kan kò bá pé, wọ́n gbà kí o da ìjókòó méjì tí ó wáyé láàárín oṣù 12 pọ̀, bí kò bá sí èyí tí ó rẹlẹ̀ jù nínú wọn. OET ni mo fẹ́ràn fún nọ́ọ̀sì, nítorí lẹ́tà nípa aláìsàn ni wọ́n ń ní kí èèyàn kọ níbẹ̀, ohun tí a sì ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní CBT ní ìbéèrè ìṣirò 15, èyí tí ó dá lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì jẹ́ 100. Pọ́ùn 83 ni owó rẹ̀, lẹ́yìn pọ́ùn 140 tí NMC ń gbà láti yẹ ìwé rẹ wò. OSCE, ìdánwò àfọwọ́ṣe, ni ó gbówó lórí jù: pọ́ùn 794, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Abala mẹ́wàá tí wọ́n ń pè ní ibùdó ni ìdánwò náà ní, méjì nínú wọn jẹ́ àkọsílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Àìmọṣẹ́ kọ́ ni ó máa ń ká ọ̀pọ̀ nínú wa mọ́ níbẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù wa, nígbà tí aláìsàn 30 ń dúró de nọ́ọ̀sì méjì, ọwọ́ rẹ ti mọ ohun tí yóò ṣe, o sì ń ṣe é láìsọ̀rọ̀. Níbẹ̀, ohun tí o kò bá ṣe kí wọ́n rí i, tàbí kí o sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, wọn kò ní kà á sí i pé o ṣe é. Kí o tó fún aláìsàn lóògùn, sọ orúkọ rẹ fún un, béèrè orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, fi wé ọ̀já ọrùn ọwọ́ rẹ̀, béèrè bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kọ̀, wo ọjọ́ tí oògùn náà yóò bàjẹ́. Bí èyí tí ara rẹ̀ kọ̀ bá wà lórí ìwé, má fún un, sọ ìdí rẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é báyìí ní Ìgbógbó, kí ó ti mọ́ ọ lára kí o tó lọ.

Ní ti iṣẹ́, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn agbanisíṣẹ́ wọn má ṣe wá kó òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lè kọ̀wé béèrè iṣẹ́ tí wọ́n kéde lórí NHS Jobs, ojú òpó ìgbanisíṣẹ́ àwọn ilé ìwòsàn ìjọba wọn, ìyẹn kò lòdì sí òfin kankan. Ọ̀nà ìtọ́jú arúgbó tí ẹ́jẹ́ǹtì rẹ ń sọ ti dí: láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, wọn kò fún ẹni tó wà lókè òkun ní físà iṣẹ́ yẹn mọ́. Bí ilé ìwòsàn bá gbà ọ́, o gbọ́dọ̀ jókòó fún OSCE láàárín oṣù mẹ́ta tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí orúkọ rẹ sì ti wọ ìwé NMC kí oṣù mẹ́jọ tó pé. Ìwé ẹ̀rí ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, tí a ń gbà ní Alágbọn ní Ìkòyí, ni kí o fi sẹ́yìn, torí pé kì í pẹ́ kí ó tó gbó lójú wọn.

Amẹ́ríkà kò yá jù. NCLEX-RN ni ìdánwò tiwọn, ìbéèrè 85 sí 150 láàárín wákàtí márùn-ún, ìpínlẹ̀ tí o bá yàn ni ó sì ń fún ọ ní láísẹ́ǹsì. Àmọ́ ẹni tí ó ti yege ṣì ní láti gba VisaScreen, ìwé ẹ̀rí tí òṣìṣẹ́ ìlera láti òkèèrè ń gbà kí wọ́n tó lè fún un ní físà, kí ó sì tò sórí ìlà físà tí ó lè gbà á ní ọdún púpọ̀. Bí ọkàn rẹ bá wà níbẹ̀, a lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí àtúnṣe orúkọ kan náà ni méjèèjì nílò.