Ṣé ohun tó yege lára ẹlẹ́dẹ̀ ti yege lára obìnrin?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Wọ́n fẹ́ fi róbọ́ọ̀tì yọ ilé ọmọ mi. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ abẹ yìí fún ẹlẹ́dẹ̀, kò sì sí wàhálà. Ṣé kí n jẹ́ kí róbọ́ọ̀tì ṣe é?

Ìdáhùn: Ìyá wa, róbọ́ọ̀tì kọ́ ló máa ṣe é. Dókítà ló máa jókòó sídìí ẹ̀rọ, apá irin á sì máa tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yìí gan-an ló ti sú mi í gbọ́.

Òótọ́ ni pé ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀. Ilé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi Zeus, róbọ́ọ̀tì iṣẹ́ abẹ kan, rán kí wọ́n tó lò ó fún túùbù tí ẹyin obìnrin ń gbà dé ilé ọmọ, ní ìparí àwọn ọdún 1990. Wọ́n á kun ẹranko náà lóorun, wọ́n á fẹ́ gáàsì carbon dioxide sí i nínú, títí agbára ìtì rẹ̀ á fi tó nǹkan bíi 12 sí 15 mmHg (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru). Wọ́n á wá wò ó bóyá àwọn apá irin ń kọlu ara wọn, bóyá kókó òwú ń dì, bóyá iná tí wọ́n fi ń jó ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ pa ń ta sí ìfun, àti bó ṣe máa yá tó láti tú ẹ̀rọ kúrò bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀ o. Kì í ṣe àìsàn yín.

Ilé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ní ẹ̀ka gígùn méjì tó lọ́ po bí ìfun. Tiyín jẹ́ ẹyọ kan, ẹran rẹ̀ sì ki. Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń lò sábà máa ń kéré lọ́jọ́ orí, ara rẹ̀ sì dá: kò sí fáíbírọ́ìdì, kò sí ojú àpá iṣẹ́ abẹ ìbímọ tó ti lẹ àpò ìtọ̀ mọ́ ilé ọmọ. Lára obìnrin, túùbù tó ń gbé ìtọ̀ bọ̀ láti kíndìnrín gba abẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ilé ọmọ kọjá, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí ọrùn ilé ọmọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè gé e tàbí jó o láìmọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í sì í jẹ́ kí ọwọ́ dókítà mọ bí òun ṣe ń fa ẹran tó. Ojú nìkan ló fi ń díwọ̀n.

Ti jẹjẹrẹ tún le jù. Ní 2018, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní LACC, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú obìnrin 631 tó ní jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ tí kò tíì tàn fi hàn pé lẹ́yìn ọdún 4.5, ìdá 96.5 nínú 100 àwọn tí wọ́n la ikùn wọn ló wà láàyè tí àìsàn náà ò padà. Ti àwọn tí wọ́n gba ojú ihò kéékèèké ṣe fún, pẹ̀lú róbọ́ọ̀tì tàbí láìsí i, jẹ́ 86. Ẹlẹ́dẹ̀ wo ló máa fi ìyẹn hàn?

N kò rí èsì àyẹ̀wò yín, nítorí náà n kò ní sọ pé kí ẹ ṣe é tàbí kí ẹ má ṣe é. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn ò fi fẹ́ la ikùn. Bó bá jẹ́ fáíbírọ́ìdì, ẹ bi dókítà yín pé mélòó lòun fúnra rẹ̀ ti fi róbọ́ọ̀tì yọ, àti mélòó nínú wọn ló padà la ikùn fún. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí ibà bá dé, tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn yín, tàbí tí omi ń jò lójú ara, kódà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà lọ bá wọn lọ́jọ́ náà.