Ṣé fífa ọ̀rá orúnkún lè wo orúnkún tó ń dunni sàn?

Rárá, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá orúnkún kì í wo ìrora oríkèé sàn. Ìrísí ẹsẹ̀ ló ń tún ṣe. Ẹ sọ fún wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé orúnkún ìyá yín tóbi, ó sì ń dùn wọ́n bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn.

Abẹ́ awọ ni ọ̀rá yẹn wà, pàápàá níbi tí orúnkún méjèèjì ti ń kan ara wọn. Inú oríkèé ni ìrora àgbà sábà máa ń ti wá, nígbà tí ohun tó bo orí eegun bá ti jẹ tán. Bí wọ́n bá fẹ́ fa ọ̀rá náà, dókítà á fún omi tí wọ́n po oògùn ìrora mọ́ sábẹ́ awọ, á dá ihò kékeré sí i, á ki páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á sì máa fa ọ̀rá jáde. Jeffrey Klein, dókítà awọ ní California, ló gbé ọ̀nà olómi yìí jáde ní 1985. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, aṣọ tó fún pinpin ni wọn ó máa wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orúnkún sì lè wú fún oṣù díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dì, kòkòrò sì lè wọ ojú abẹ. Ẹ má fi ṣeré rárá.

Àfi àìsàn lipedema, níbi tí ọ̀rá ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń dunni bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́: fífa ọ̀rá lè dín ìrora tiẹ̀ kù.

Ẹ kọ́kọ́ mú ìyá lọ bá dókítà eegun, ní ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen, kí wọ́n yàwòrán inú orúnkún náà.