Ṣágo Olójú Láti Edgefield: Ṣé Kí N Rà Á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Atlanta ni mo ń gbé. Níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù màmá àgbà kan tó ti di olóògbé, mo rí ṣágo amọ̀ kékeré kan tó ní ojú, imú àti eyín funfun. Ẹni tó ń tà á ní ẹrú Yorùbá ló mọ ọ́n ní Edgefield kí Ogun Abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀. 3,000 dọ́là ló ń pè é, kò sì síwèé kankan. Orí mi wú nígbà tó dárúkọ Yorùbá. Ṣé kí n rà á? — Olùkà kan, Atlanta

ÌDÁHÙN: Àbúrò, orí rẹ tó wú yẹn gan-an ni ọkùnrin náà ń tà ní 3,000 dọ́là. Má tíì sanwó.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ Yorùbá kúrò ńbẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n mọ irú ṣágo bẹ́ẹ̀ ní Edgefield, ní South Carolina, àwọn ẹrú ló sì ń mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Kóńgò ni àwọn tó tọpa rẹ̀ ń tọ́ka sí, kì í ṣe ilẹ̀ wa. Ní 1858, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Wanderer já àwọn èèyàn tó lé ní 400 tí wọ́n kó láti ìhà Kóńgò sí erékùṣù Jekyll ní Georgia, 50 ọdún lẹ́yìn tí òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó ẹrú wọlé mọ́. Wọ́n mú nínú wọn dé Edgefield. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọn wọ̀nyí lọ́wọ́ nínú bí ṣágo olójú ṣe gbilẹ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà pàápàá kò jọ tiwa. Ìyá mi mọ ìkòkò ní Ìpetumodù. Ọwọ́ ló fi ń mọ ọ́n, gbangba ìta ló ti ń sun ún. Ní Edgefield, ìléru àwọn òyìnbó ni àwọn ẹrú ti ń ṣiṣẹ́. Orí kẹ̀kẹ́ tó ń yí ni wọ́n ti ń mọ ṣágo, wọ́n á po eérú igi mọ́ amọ̀ àti iyanrìn, wọ́n á fi bò ó lára, iná ìléru á sì yọ́ ọ. Á máa ṣàn wálẹ̀ bí oyin, ibòmíì á nípọn, ibòmíì á fẹ́lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì wà láàárín ewé àti igi. Amọ̀ funfun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lọ́tọ̀ ni ojú àti eyín. Bí o bá fi èékánná ha eyín yẹn tí ọ̀dà sì ń ṣí, máa bá tìrẹ lọ.

Lẹ́yìn náà, dojú ṣágo náà délẹ̀ kí o wo ìdí rẹ̀. Ìdí tó ti ń jókòó láti ọdún 150 sẹ́yìn á ti yọ̀ níbi tó fi ń kan ilẹ̀, ibi tó kó sínú kò sì ní rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi pépà oníyanrìn sọ ọ́ di arúgbó, gbogbo ìdí ló máa ń ha bákan náà. Wá orúkọ pẹ̀lú. Ní Georgia yín níbẹ̀, amọ̀kòkò kan tó ń jẹ́ Lanier Meaders, tó kú ní 1998, fi eérú bo ṣágo olójú tirẹ̀ náà, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sídìí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kò sí ohun tó burú nínú ríra irú ìyẹn, àmọ́ kí wọ́n má pè é ní iṣẹ́ ẹrú.

Fífi ojú wò ó nìkan ò tó o. Lórí Antiques Roadshow, ètò tẹlifíṣàn tí wọ́n ti ń díyelé ohun àtijọ́, onímọ̀ kan fi 30,000 sí 50,000 dọ́là lé ṣágo kan tó kún fún ojú, ó ní iṣẹ́ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni. Ní 2016 ni ayé gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ girama kan ní Oregon ló mọ ọ́n ní àwọn ọdún 1970. Onímọ̀ nìyẹn o! Ká má wá sọ ti ẹni tó ń kó ẹrù olóògbé tà.

Ìwé ni o máa bi í. Ti Dave Drake ló yàtọ̀: ẹrú tó ń mọ ìkòkò ni ní Edgefield, South Carolina sì ti ṣòfin ní 1834 pé wọn ò gbọdọ̀ kọ́ ẹrú ní ìwé, síbẹ̀ ó ń kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti ewì sára ìkòkò. Lára ọ̀kan, ní 1857, ó béèrè ibi tí gbogbo ìbátan òun wà. Ní 2021, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Crystal Bridges ní Arkansas ra ọ̀kan tó gba gálọ́ọ̀nù 25 ní gbàǹjo, 1.56 mílíọ̀nù dọ́là. Ṣágo olójú ìgbà náà kì í sábà ní orúkọ, ìdí nìyẹn tí irọ́ fi pọ̀ lórí rẹ̀.

Ní kí ọkùnrin náà kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé iṣẹ́ Edgefield ni, ó ti wà ṣáájú 1865 tí oko ẹrú parí, òun á sì dá owó padà bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kọ̀, fi 200 dọ́là lọ̀ ọ́ nítorí pé ojú náà wù ọ́. Bí ó bá gbà, ya fọ́tò ìdí, ẹnu àti etí rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí ilé gbàǹjo tó ń ta ìkòkò ìhà gúúsù Amẹ́ríkà. Má fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dáhùn.