Ọ̀yà pọ̀ nínú àpò egungun rẹ, àmọ́ má tíì kọ ọ́ pé igbó ti tán

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní àpò egungun mẹ́rìnlá ni wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ fún iṣẹ́ máṣítà rẹ, pé inú ihò àpáta kan ní àárín gbùngbùn Ghana ni wọ́n ti hú u jáde, láti ìgbà àwọn ará Kintampo. O ní ọ̀yà ló pọ̀ jù nínú ohun tí o ti dá mọ̀, o sì fẹ́ kọ ọ́ pé àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ti gé igbó di pápá. O bèèrè bóyá ó tọ́.

Kò tíì tọ́. Èmi náà kọ irú rẹ̀ rí, mo fi orúkọ mi sí i, ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi tún un ṣe.

Kọ́kọ́ wo eyín iwájú ọ̀yà, èyí tó wà lókè. Ìlà jíjìn mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀. Àfọ́kù tí kò ju èékánná lọ tó fún ọ láti mọ̀ pé ọ̀yà ni. Egungun ẹsẹ̀ ẹtu tó bá fọ́ bẹ́ẹ̀, inú àpò "a kò mọ̀ ọ́n" ló ń lọ. Nítorí náà, kí o tó sọ pé ọ̀yà pọ̀ ju ẹran yòókù lọ, ka iye àpò tí o kọ "a kò mọ̀ ọ́n" sí lára. Tèmi lé ní ìdajì nígbà náà, n kò sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi. Ìgbín náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹyọ kan ń fọ́ sí ogún, ọgbọ̀n. Ṣóńṣó ìkarawun rẹ̀ nìkan ni kí o máa kà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ronú sí bí ọ̀yà ṣe ń gbé. Koríko gíga ló ń jẹ, ó fẹ́ràn etí omi àti ẹ̀bá oko. Àgbẹ̀ tó gbin ọkà kò nílò láti wá a lọ sígbó, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá bá àgbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti bá pàkúté pàdé. Egungun rẹ̀ ń sọ ohun tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn yẹn. Igbó kìjikìji lè wà lẹ́yìn òkè kejì kó má fi egungun kan sílẹ̀ nínú àpò rẹ. Tí o bá rí ìkarawun ìgbín ńlá nínú ìpele ilẹ̀ kan náà, ibi tútù tó ní ibòji kò jìnnà sí wọn nìyẹn.

Ohun tí ọdún kan àtààbọ̀ yẹn kọ́ mi ni pé egungun ẹran tí èèyàn pa jẹ ń sọ ohun tí èèyàn fẹ́. Egungun tí ẹnikẹ́ni kò wá ló ń sọ bí ilẹ̀ ṣe rí: ẹ̀lírí, asín, ọ̀pọ̀lọ́, ìgbín wẹ́wẹ́ tí kò tó ẹyọ àgbàdo. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni èmi sì dà nù. Asẹ́ olójú mìlímítà 10 ni wọ́n kó fún wa níbi iṣẹ́ náà (n kò ní dárúkọ ibẹ̀), ìrọ̀lẹ́ ti ń lọ, òjò ń ṣú, èmi ni mo ní kí wọ́n máa da ilẹ̀ yẹn nù kíákíá. Nígbà tí mo padà lọ wo òkìtì ilẹ̀ tí a dà sẹ́yìn, òjò ọdún méjì ti wọ́ ọ lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan tí a kò tíì gbẹ́ nìkan ló yọ mí. Ìwọ̀n garawa mẹ́fà ilẹ̀ ni mo fi omi ṣàn nínú asẹ́ olójú mìlímítà 2, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó ti àwo funfun kan pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti awò. Eyín kéékèèké tí mo rí níbẹ̀ sọ ohun tó yàtọ̀ sí ohun tí mo ti kọ.

Àmọ́ bi ara rẹ pé ta ló kó wọn wá. Nínú ihò àpáta, òwìwí ló sábà máa ń ṣe é. Ó ń gbé eku mì lódidi, ó ń pọ irun àti egungun rẹ̀ jáde ní ìṣùpọ̀, ìṣùpọ̀ yẹn ló ń jẹrà sílẹ̀. Fi awò wo orí eyín wọn: tí omi inú òwìwí bá ti jẹ ẹ́ díẹ̀, yóò hàn. Má bínú sí òwìwí o. Ó ń ṣọdẹ káàkiri pápá àti igbó láì bìkítà ohun tí èèyàn fẹ́ jẹ, ẹlẹ́rìí rere ni. Kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni.

Tí o bá rò pé eku kò lè gbé irú ẹrù yìí, wo Ain Mallaha, ibùgbé àtijọ́ kan ní àfonífojì Hula, ní àríwá Ísírẹ́lì. Iṣẹ́ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 wo eyín eku níbẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn bá jókòó pẹ́ sójú kan, èkúté ilé ló ń pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣí kiri, eku ìgbẹ́ kan tó jọ ọ́ á tún padà gbilẹ̀. Èkúté ilé ti wà ní ibùgbé wọn ní nǹkan bí ọdún 15,000 sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó gbin ọkà. Eyín tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ló sọ ọ́.

Ẹja náà ń jẹ́rìí. Ní Gajiganna, ní Borno tiwa, àwọn darandaran tẹ̀dó ní nǹkan bí 1800 ṣáájú ìbí Kristi, bí omi Adágún Chad ṣe ń fà sẹ́yìn tí ilẹ̀ ń gbẹ. Egungun màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ àti ẹja wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkà jéró tí wọ́n gbìn fúnra wọn kò hàn dáadáa títí di nǹkan bí 1200 ṣáájú ìbí Kristi. Àrọ̀ ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ó lè gbé inú ẹrẹ̀. Ẹja ńlá tí àwọn Haúsá ń pè ní giwan ruwa, omi jíjìn tó mọ́ ló ń fẹ́. Tí giwan ruwa bá ń dín kù tí àrọ̀ ń pọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, omi ń di ẹrẹ̀ nìyẹn. Ṣọ́ra ṣá: egungun orí àrọ̀ le, ara rẹ̀ rí wúruwùru, kò ṣòro dá mọ̀, ó ń pọ̀ lójú ju bó ti yẹ lọ bíi ti ọ̀yà rẹ.

O tún bèèrè ìdí tí irú nǹkan báyìí fi ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ pupa wa ní ásíìdì, ó ń jẹ egungun. Òkú tí Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn, àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú ní Ihò Eléérú (Iwo Eleru nínú ìwé), ihò àpáta kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 1965, tó ti lo nǹkan bí ọdún 13,000, egungun rẹ̀ ti bàjẹ́ púpọ̀. Nínú àpò tìrẹ náà, wò bóyá egungun ẹlẹgẹ́ ń pòórá ní ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ló jẹ wọ́n.

Ó ku ti ojú ọjọ́, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí rẹ ti rọ jù. Àwọn ará Kintampo gbé ayé láàrin nǹkan bí 2500 sí 1400 ṣáájú ìbí Kristi, ìyẹn nǹkan bí ọdún 4,500 sí 3,400 sẹ́yìn. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Sélé ní gúúsù Benin sì fi hàn pé láàrin ọdún 4,500 sí 3,400 sẹ́yìn ni ọ̀gbẹlẹ̀ la igbó ńlá sí méjì, tí pápá sì dé etí òkun. Inú àlàfo yẹn ni Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà lónìí. Àkókò kan náà ni, àbúrò. Tí ọ̀yà bá pọ̀ sí i, báwo ni o ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá àáké ló gé igbó tàbí òjò ló kọ̀ tí kò rọ̀?

Ní tèmi, ewúrẹ́ ni kí o bi. Igi àti iṣu fi àmì kan sínú eyín ẹran tó jẹ wọ́n. Koríko ilẹ̀ gbígbóná àti jéró fi òmíràn. Láàbù lè ka àmì yẹn láti ara ìbòrí líle eyín, èyí tí ooru kì í tètè bàjẹ́ bíi ti inú egungun. Má fi owó rẹ ṣòfò lórí ọ̀yà, koríko ni yóò máa wí. Ẹtu yóò máa wí ewé àti èso. Ewúrẹ́ ń jẹ ohun tó bá rí, òun ló lè sọ èyí tó pọ̀ láyìíká.

Ṣùgbọ́n kí ó dá ọ lójú pé ewúrẹ́ ni. Ní 1972 ni àwọn olùwádìí méjì, Carter àti Flight, ti dárúkọ ewúrẹ́ kúkúrú lára egungun Ntereso àti Kintampo ní Ghana, ewúrẹ́ kúkúrú àti ẹtu sì ń jọra gan-an bí wọ́n bá kéré. Ẹran méje tí mo pè ní ewúrẹ́, mẹ́rin jẹ́ ẹtu. Ìyá àgbà kan ní láàbù ló gbé orí ẹtu gidi síwájú mi láìsọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ra orí ẹtu lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì, mo ń sin ín títí ẹran ara rẹ̀ á fi jẹrà, mo kọ déètì àti orúkọ ibẹ̀ sára rẹ̀. Má fi bílíìṣì fọ̀ ọ́, eyín á máa hó bí ẹ̀fun. Sọ fún àwọn ará ilé rẹ ṣáájú kí o tó gbé e wọlé. Èmi kò sọ, ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ baálé.

Bi àwọn tó fún ọ ní àpò bóyá ilẹ̀ tí wọn kò tíì sẹ́ ṣì wà ní ìpamọ́, kódà bí ó jẹ́ garawa kan. Tí o bá ti fi omi ṣàn án, kọ iye eyín asín àti ẹ̀lírí tí o rí ní ìpele kọ̀ọ̀kan síbí, kí a jọ wò ó.