Ṣé òótọ́ ni pé ọjọ́ 21 tó fún ìwà tuntun láti mọ́ni lára?

Rárá, kò sí iye ọjọ́ kan pàtó. Maxwell Maltz, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ń fi iṣẹ́ abẹ tún ojú ṣe, ló kọ ọ́ lọ́dún 1960 pé ó kéré tán, ọjọ́ 21 ló ń gba àwọn aláìsàn òun kí ojú tuntun tó mọ́ wọn lára. Àwọn èèyàn gbàgbé “ó kéré tán” yẹn, wọ́n wá sọ ọ́ dòfin.

Olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílùú London ní kí èèyàn 96 yan ohun kan tí wọ́n á máa ṣe lójoojúmọ́, bíi kí wọ́n jẹ èso lọ́sàn-án. Ìṣirò wọn fi hàn pé ó lè gba ọjọ́ 18, ó sì lè tó 254. Téèyàn bá to iye ọjọ́ wọn látorí èyí tó kéré jù dórí èyí tó pọ̀ jù, èyí tó bọ́ sí àárín ni 66.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé fífo ọjọ́ kan ò ba iṣẹ́ jẹ́. Torí náà, bẹ́ ẹ bá gbàgbé lónìí, ẹ ṣe é lọ́la. Ẹ so ó mọ́ ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, bíi lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọnu tán.