Kí ló dé tí òkúta Òkè Tara fi ń ké lábẹ́ ọba?

Ìbéèrè: Dublin ni mò ń gbé. Nígbà tí a lọ wo Òkè Tara, ẹni tó mú wa kiri fi òkúta kan hàn wá, ó ní ó máa ń ké bí ọba tòótọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ìdáhùn: Lia Fáil ni òkúta yẹn ń jẹ́. Àwọn ará Áyálándì àtijọ́ gbà pé ilẹ̀ ni aya ọba. Ìgbéyàwó ni wọ́n ka àsè ìgbadé Tara sí, Diarmait mac Cerbaill ló sì ṣe é kẹ́yìn, ní ọ̀rúndún kẹfà. Bí ilẹ̀ bá gba ọkọ tí wọ́n mú wá, òkúta á ké kí gbogbo ayé gbọ́. Wọ́n ní nígbà tí Conn Cétchathach, ọba kan nínú ìtàn wọn, tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀, ó ké léraléra, awo ọba sì sọ fún un pé iye igbe yẹn ni iye ọba tí yóò ti inú ìran rẹ̀ jáde. Lábẹ́ Lugaid, ọmọ tí Cú Chulainn, akọni jagunjagun inú ìtàn wọn, tọ́, kò fọhùn rárá. Inú bí Cú Chulainn, ó fi idà ṣá òkúta náà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ lè kọ ọkọ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ibẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà. Nígbà tí Lugaid mìíràn, Lugaid Mac Con, wà lórí oyè, àwọn àgùntàn kan wọ oko olorì, wọ́n jẹ ewé aláró rẹ̀, irú bí ẹ̀lú tiwa. Mac Con dájọ́ pé kí olorì kó àwọn àgùntàn náà. Ọmọdé kan tó ń jẹ́ Cormac dáhùn pé, “Rárá o. Irun wọn ni kí wọ́n rẹ́ fún un. Ewé á hù padà, irun náà á hù padà.” Lójú ẹsẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ilé tí ọba ti dá ẹjọ́ náà ya, ó sì yọ̀ lọ sísàlẹ̀ òkè. Odidi ọdún kan ni koríko kò fi hù, igi kò rúwé, ọkà kò yọmọ. Ni wọ́n bá lé Mac Con. Cormac yìí náà ló wá di ọba tí wọ́n ń fi òdodo rẹ̀ sọ ìtàn títí dòní.

Bí ẹ bá padà lọ, ẹ yà sí ìwọ̀-oòrùn òkè náà, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Clóenfherta ni wọ́n ń pe ibẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni ilé náà yọ̀ sí. Òkìtì ìsìnkú ayé àtijọ́ ni ní tòótọ́, síbẹ̀ bó ṣe dagun yẹn, ẹ ó rí i pé ìtàn náà bá a mu.

Ẹ má fo Dumha na nGiall. Ibojì olókùúta ni, nǹkan bí 3200 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n kọ́ ọ, oòrùn òwúrọ̀ sì máa ń wọ inú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá àti ti Oṣù Kejì. Nítòsí rẹ̀ ni Lia Fáil wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ogun 1798, tí àwọn ará Áyálándì fi dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n gbé e lọ síbi tó wà báyìí, láti fi ṣàmì ibojì àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó kú lórí òkè náà. Ó dùn mí pé ní 2012 ẹnìkan fi òòlù ṣá a, ní 2014 wọ́n tún da ọ̀dà lé e lórí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ gùn ún: sàréè àwọn ènìyàn ni.