Ṣé kí n tọwọ́ bọ̀wé ọ̀gá tó fẹ́ gbé orin rap mi jáde, àbí kí n dá a ṣe?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọmọ ọdún 24 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe. Bàbá mi ṣaláìsí nígbà tí mo wà ní SS2, ibẹ̀ ni ìwé mi sì dúró sí. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá mi dúbúlẹ̀, èmi ni mo ń gbọ́ bùkátà àwọn àti àbúrò mi obìnrin. Mò ń ṣe rap, ẹnu Ìbàdàn gangan ni mo fi ń ṣe é, mo sì ti gba orin mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan gbọ́ wọn. Ó ní òun máa fún mi ní mílíọ̀nù méjì náírà, òun á sì ṣe fídíò, kí n ṣáà fọwọ́ sí ìwé ọdún méje. Nínú gbogbo owó tó bá wọlé, 80 nínú 100 jẹ́ tiwọn, 20 jẹ́ tèmi. Wọ́n ní kó má kọjá ọjọ́ Ẹtì. Owó yẹn á ran ìyá mi lọ́wọ́, n ò ní purọ́. Ṣé kí n gbà á? Tí n ò bá gbà á, báwo ni ẹni tí ò lẹ́nìkan ṣe ń ṣe é fúnra ẹ̀?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú Màmá. Ọlọ́run á gbé wọn dìde. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó náà ká tó débi orin.

Ọdún 13 rèé tí mo ti ń ka ìwé àdéhùn fún àwọn olórin. N kò tíì rí èyí tí wọ́n ti fi irú owó bẹ́ẹ̀ ta olórin lọ́rẹ. Gbèsè ni. Inú ìpín tìrẹ nìkan ni wọ́n sì ti máa gbà á padà. Gbé bírò, ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní orin rẹ pa ₦5,000,000. Mílíọ̀nù mẹ́rin ti ọ̀gá, mílíọ̀nù kan tìrẹ. Ṣùgbọ́n o jẹ wọ́n ní méjì, nítorí náà mílíọ̀nù kan yẹn ò ní dé ọwọ́ rẹ, yóò gba ọ̀nà gbèsè lọ. Ọ̀gá ti kó mílíọ̀nù márààrún, ìwọ ṣì jẹ ẹ́ ní kan. Wá fi fídíò kún un. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ pé ọrùn olórin ni owó fídíò wà. Bí fídíò bá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta, gbèsè rẹ di márùn-ún, orin rẹ sì gbọ́dọ̀ pa ₦25,000,000 kí ìwọ tó fojú kan kọ́bọ̀ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kejì tó bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà rẹ ni “gbogbo owó tó bá wọlé”. Ṣé owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni àbí owó òde ìnáwó náà wà níbẹ̀? Bí ìpolówó bá dé ńkọ́? Bí a bá ka gbólóhùn yẹn bó ṣe wà, owó bíríkìlà rẹ pàápàá kò yọ sílẹ̀! Tún béèrè nípa orin mẹ́sàn-án tí o ti gbà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ló máa ń gbá àwọn orin àtijọ́ mọ́ tuntun, olórin á sì ti ta ohun tí ẹnikẹ́ni ò bá a náwó sí.

Orúkọ náà ńkọ́? Ọmọkùnrin kan tí mo gba ẹjọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 21. Oríkì tí ìyá ìyá rẹ̀ fún un ló fi ń kọrin. Ìwé náà sọ pé orúkọ ìnagijẹ di ti ilé-iṣẹ́, kò sì kà á débẹ̀. Nígbà tó fi wọ́n sílẹ̀, kò lè lẹ oríkì ara rẹ̀ mọ́ pátákó òde. Ọdún méjì la fi ṣe wàhálà rẹ̀. Inú mi ṣì máa ń ru tí mo bá rántí.

Ohun tí òfin fún ọ rèé. Òfin ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ tó wà lórílẹ̀-èdè yìí, Copyright Act 2022, sọ pé bí o bá ti kọ orin sílẹ̀ tàbí tí o gbà á sórí fóònù, tìrẹ ni, ìwọ kì í kọ́kọ́ lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbìkan. Orin tí o kọ jẹ́ tìrẹ títí dọjọ́ ikú rẹ, ó sì tún jẹ́ ti àwọn àrólé rẹ fún 70 ọdún lẹ́yìn rẹ. Ẹnikẹ́ni kò lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Inú ìwé ló gbọ́dọ̀ wà. Ìdí rèé tí ọ̀gbẹ́ni náà fi nílò ọwọ́ rẹ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Rántí pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ àti ohùn orin tí o ṣe, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní master, ìyẹn ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ gan-an. Méjèèjì ló ń pa owó, ẹ̀tọ́ orí wọn sì yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá ta méjèèjì ti di alágbàṣe nínú orin ara rẹ̀.

Bí ó bá fẹ́ràn orin rẹ lóòótọ́, kó má rà á, kó yá a lò. Kó mú orin mẹ́ta fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí wọ́n padà sọ́wọ́ rẹ. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó tó ná kúrò lórí àpapọ̀ ohun tó wọlé, kí ẹ wá pín ìyókù ní dọ́gbadọ́gba. Tún ìṣirò yẹn ṣe: nínú mílíọ̀nù márùn-ún, ẹ yọ méjì tó fún ọ, ó ku mẹ́ta, mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ kan ọ́. Kò gbọdọ̀ ná owó sí ọrùn rẹ láìjẹ́ pé o fọwọ́ sí i, kí o sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ìwé ìṣirò rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Owó òde jẹ́ tìrẹ, orúkọ jẹ́ tìrẹ. Bí ó bá bínú sí gbogbo èyí, o ti rí ohun tó bá wá. Kí n tó gbàgbé, béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Owó Yahoo pọ̀ nídìí orin báyìí, bí EFCC bá sì dé, wọn kì í bi ẹ̀rọ sítúdíò pé ta ló kọrin sínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e.

Ní ti dídá a ṣe, kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Simbi Ajikawo tí wọ́n ń pè ní Little Simz, olórin rap, ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù, ti gbé orin jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Age 101. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ó fagi lé ìrìn-àjò orin tó fẹ́ lọ ní Amẹ́ríkà, torí àpò ara rẹ̀ ló ti ń san gbogbo ìnáwó, oṣù kan níbẹ̀ á sì ti í sí gbèsè ńlá. Ọdún yẹn kan náà ló gba Mercury Prize, àmì ẹ̀yẹ ńlá tí wọ́n ń fún àwo orin tó dára jù lọ́dún ní Britain àti Ireland. Bó ṣe ń gba àmì ẹ̀yẹ ló ń ṣọ́ owó ná. Skepta, olórin rap mìíràn, Joseph Adenuga ti Tottenham ní Lọ́ńdọ̀nù, lo 80 pọ́n-ùn péré fún fídíò kan tó gba àmì ẹ̀yẹ MOBO ní 2014. Nígbà tó di 2016, òun náà gba Mercury Prize pẹ̀lú àwo tó jáde lábẹ́ Boy Better Know, ilé-iṣẹ́ tí òun àti àbúrò rẹ̀ Jme dá sílẹ̀. Nítorí náà, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fídíò dẹ́rù bà ọ́.

Dídá dúró kò sì túmọ̀ sí kí o máa dá wà. Àwo àkọ́kọ́ Olamide, ọmọ Bàrígà, jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ orin Coded Tunes ní 2011. Ọdún tó tẹ̀lé e ló dá YBNL, ilé-iṣẹ́ orin tirẹ̀, sílẹ̀. Ní 2020, ó bá EMPIRE, ilé-iṣẹ́ tó ń pín orin káàkiri láti San Francisco, ṣe àdéhùn. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ilé-iṣẹ́ méjì ló jókòó sídìí tábìlì.

Nínú orin mẹ́sàn-án rẹ, mú ẹyọ kan. Mo gbọ́ èyí tí o fi ránṣẹ́. Ibi tí o ti ń fi ṣọ́bìrì lu yanrìn bí ìlù, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ yọ ọ́ o. Bí sítúdíò bá wọ́n, BandLab, áàpù tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀, wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Wọnú yàrá tí aṣọ pọ̀ sí, aṣọ máa ń gbé ohùn tó ń dún padà mì, kí o sì dúró dìgbà tí àwọn ará ilé bá pa jẹnẹrétọ̀. Owó tí o bá rí, ẹni tó máa to ohùn orin náà dáadáa ni kí o san án fún.

Bíìtì, ìyẹn ìlù tí o fi ń rap, ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Èyí tí wọ́n kọ “free” sí lórí YouTube, ọ̀pọ̀ ìgbà ni òmìnira rẹ̀ mọ sí pé kí o fi dánra wò. Bí o bá fi pawó, ẹni tó ṣe é lè ní kí wọ́n yọ orin náà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí kó gba owó rẹ̀. Èyí tí o bá sì yá lò, ẹlòmíràn lè yá a pẹ̀lú. Ó sàn kí o wá ọmọ àdúgbò tó ń ṣe bíìtì, kí ẹ jọ pín in. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá gbà á sílẹ̀, kí ẹ tó jáde ní yàrá, ẹ kọ ìwé ìpín: orúkọ orin náà, ọjọ́, orúkọ ìjọba olúkúlùkù, iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú 100 fún orin kíkọ àti fún master, nọ́ńbà fóònù, ọwọ́. Ojú ewé kan ti tó. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí gbogbo yín ní in. Bí orin bá ti gbóná tán, kò sẹ́ni tó máa rántí pé 10 nínú 100 lòun gbà láti mú.

Lẹ́yìn èyí ni apínorin, bíi DistroKid tàbí TuneCore, tó máa gbé e dé àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bíi Spotify, Apple Music àti Boomplay. Àwọn ló máa fún orin náà ní ISRC, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀. Ní ti Audiomack, ìwọ fúnra rẹ lè gbé e síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni mo sì máa kọ́kọ́ lọ bí mo bá jẹ́ ìwọ. Kọ orúkọ rẹ lọ́nà kan ṣoṣo níbi gbogbo. Má retí owó lójijì. Láti 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 kì í pa owó master kankan lórí Spotify, àti pé owó tí ẹni tó ń gbọ́ orin ní Ìbàdàn ń mú wá kéré sí ti ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, torí iye tí wọ́n ń san lóṣù kò dọ́gba. Àwọn ọmọ Ìbàdàn tó wà lókè òkun ń wá ẹni tó máa sọ ẹnu ilé sí wọn létí. Ẹni tó bá sì ní kí o sanwó kí òun fi ẹ̀rọ gbọ́ orin rẹ ní ìgbà 50,000, olè ni. Wọ́n máa yọ orin náà kúrò, o ò ní rí i sọ.

Rédíò tìrẹ náà ò jìnnà. Amúlùúdùn FM wà ní Mọ́níyà, Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Owó tó ń wá láti ara orin tí rédíò lò, ẹgbẹ́ tó ń bá olórin gbà á ló máa ń kó o jọ, bíi MCSN. Forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹni mélòó ló máa gbọ́ ọ? Ní 2013, Nipsey Hussle, olórin rap kan ní Los Angeles, tẹ CD 1,000, ó ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 100 dọ́là nígbà tí orin kan náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó tà tán láàárín ọjọ́ kan. Ìwọ wá 100 èèyàn tó fẹ́ràn ohùn rẹ, kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀, kí orin tuntun kọ́kọ́ máa dé WhatsApp wọn. Wọ́n wúlò ju 10,000 tó kàn tẹ bọ́tìnnì lọ, wọ́n á pè ọ́ sí ìsọmọlórúkọ, wọ́n á sì sanwó.

Má fi iṣẹ́ bíríkìlà sílẹ̀. Ọwọ́ iṣẹ́ yẹn ló máa jẹ́ kí o lè sọ pé rárá. Ṣí àkáǹtì kejì fún orin, kí owó oògùn Màmá má bàa di owó sítúdíò, kí owó sítúdíò náà má bàa di owó gáàsì. Kọrin nípa àìsàn wọn bí ó bá wà lọ́kàn rẹ, orí ìwé rẹ ni. Ṣùgbọ́n kí o gbé kámẹ́rà sí wọn lórí ibùsùn kí àwọn èèyàn lè káàánú rẹ, n ò fara mọ́ ọn. Wọn ò lè dìde kúrò níwájú kámẹ́rà.

Ya fọ́tò ìwé náà láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́bọ̀ tó ṣú. N ò ní gbowó. Bí ọ̀gbẹ́ni náà bá pè, ní agbẹjọ́rò rẹ ṣì ń kà á.